Ìyá Tó Gúnyán Lọ́jọ́ Ààwẹ̀

Wọ́n ní Màmá wa kì í bínú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n fi fọ́tò Màmá sí i, èyí tí wọ́n yà nígbà tí eyín ṣì pé lẹ́nu wọn, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé: "Ìyá oníwà pẹ̀lẹ́, ìyá àdúrà, ìyá ààwẹ̀, tí ohùn wọn kò ga rí láàárín àwọn ọmọ wọn." Abẹ́ kánópì ní Emùré-Ilé ni mo ti kà á. Ọkọ mi fún mi ní áńkáṣíìfù nítorí ó rò pé mo fẹ́ sunkún. Kì í ṣe ẹkún. Inú ló ń bí mi.

Ọmọ-ọmọ wọn ni mí. Bàbá mi, tí wọ́n ti ṣaláìsí, ni ọmọ kejì tí Màmá bí. Ọ̀dọ̀ mi ní Ọ̀wọ̀ ni Màmá ti lo ọdún tó gbẹ̀yìn ayé wọn, láti oṣù kìn-ín-ní títí ọyẹ́ fi tún padà dé. Èmi ni mo ń fọ aṣọ wọn, èmi ni mo ń bá wọn wá awò ojú wọn nígbà tó jẹ́ pé orí wọn gan-an ló wà. Ilé wa kò tóbi, ohùn Màmá sì tóbi, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n sọ lọ́dún náà tí n kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: Màmá máa ń bínú. Wọ́n lè bínú láàárọ̀ kí wọ́n tó rin pákò. Mi ò sì ní dákẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìbínú náà lọ́wọ́ wọn nínú sàréè, nítorí òun ló jẹ́ kí ọmọ mi wà láàyè.

Kì í ṣe ìfẹ́ inú wọn ni wọ́n fi wá sọ́dọ̀ wa. Ògiri ilé ìdáná wọn ní Emùré ló wó lulẹ̀, ọ̀nà oko kò sì dára mọ́ fún arúgbó tó ń dá rìn. Bàbá Bísí, àkọ́bí Màmá, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní kò yẹ kí wọ́n dá gbé mọ́. Bàbá Bísí ní ilé ńlá ní Ọ̀wọ̀ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé ìyá wọn wá, wọ́n ní èmi ni mo mọ arúgbó tọ́jú. Màmá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n wo àyíká wa, wọ́n ní, "Ulé rèé?" Ulé ni àwa ará Ọ̀wọ̀ ń pe ilé, Màmá kò sì pè é ní ohun mìíràn rí títí wọ́n fi kú. "Ulé tí èèyàn ò ti lè rí ibi gbin ẹ̀fọ́ sí. Ẹ ṣé o."

Ẹrù kan ṣoṣo tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ni odó wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ̀ bá ti fi sílẹ̀, a ní odó."

Wọ́n wo odó tiwa lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí Ayọ̀, ọmọ mi ọkùnrin, jókòó lé lórí tó ń jẹ ẹ̀pà. "Mo rí i," ni Màmá wí. "Àga dáadáa ni."

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ yí padà nílé wa ni ìdúpẹ́ ọjọ́ Sátidé. Kí Màmá tó dé, bí a bá pé jọ láàárọ̀ Sátidé, ọkọ mi á dúpẹ́ fún ẹ̀mí, fún ààbò, fún ìpèsè, a ó ṣe àmín, ó parí. Màmá ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é nílé bàbá wọn. Kálukú gbọ́dọ̀ sọ ohun rere tó fi ojú ara rẹ̀ rí láàárín ọ̀sẹ̀, kó sì sọ ohun tó dùn ún. Méjèèjì. Ẹni tó bá mú ọ̀kan wá, kó lọ wá èkejì.

Sátidé àkọ́kọ́, Ayọ̀ dìde, ó di ojú, ó ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa fún ẹ̀mí gígùn."

Màmá ní, "Ìwọ? Ọmọ ọdún méje? Gígùn wo lo ti rí níbẹ̀? Sọ ohun tó o rí."

Ayọ̀ ronú. "Mo dúpẹ́ pé ewúrẹ́ ilé kejì bímọ, wọ́n jẹ́ kí n gbé ọ̀kan."

"Àmín!" ni Màmá ké. "Ìyẹn ni Ọlọ́run gbọ́."

Ó wá kan Tọ́pẹ́, ọmọbìnrin mi. Tọ́pẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: eegun rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó nígbàkígbà, bí òtútù bá mú un, bí ó bá ṣe wàhálà jù, pàápàá bí omi bá wọ́n lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ń lé wa jáde ní gbogbo ìgbà tí a bá lọ rí dókítà ni pé kí a jẹ́ kó máa mu omi, kí a jẹ́ kó máa mu omi. Tọ́pẹ́ dìde lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ó dùn mí pé wọn ò jẹ́ kí n sáré níléèwé."

Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ sọ pé, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Màmá gbé ọwọ́ sókè sí i. "Má bò ó mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́ ẹnu ọmọ náà kí ìwọ tó bá a tún un ṣe."

Ọdún náà kì í ṣe ọdún burúkú. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé èṣù ló gbé ilé wa lọ́dún náà. Ọdún tó ní adùn àti ìkorò ni, bíi ti gbogbo èèyàn. Àbúrò mi tó ti ń retí ọmọ bímọ. Ayọ̀ kọ́ ìwé kíkà. Ẹ̀fọ́ tí Màmá fi tipátipá gbìn sínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri hù, a jẹ ẹ́ títí ó fi sú wa. Lápá kejì, tiransifọ́mà àdúgbò jó, a wà nínú òkùnkùn títí a fi gbàgbé ibi tí a ti ń tan iná. Ọkọ mi ṣubú lórí ọ̀kadà, apá rẹ̀ yẹ̀. Kí Àjíǹde tó wọlé, ìjì ṣí páànù orí yàrá àwọn ọmọ.

Nígbà tí páànù ṣí, àwọn ará ẹgbẹ́ àdúrà tí Bàbá Bísí ń darí wá kí wa. Wọ́n dúró lábẹ́ ojú ọ̀run tó ti di òrùlé wa, wọ́n ní Olúwa nìkan ló mọ ìdí tó fi fàyè gbà á. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá wọn tú inú ẹrẹ̀, wọ́n mú igi páànù kan jáde, wọ́n gbé e sí ojú Bàbá Bísí. Ihò ìṣó kan ṣoṣo ló wà lára gbogbo igi náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà, wọ́n sì dúró sábẹ́ àkàbà rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn títí ó fi kan gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tí ẹnì kan tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìfàyègbà Olúwa, Màmá ní, "Ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀. Káfíńtà ló fiṣẹ́ ṣeré."

Wọn kò dá èmi náà sí. Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣàníyàn. Bí Tọ́pẹ́ bá sùn, mo máa ń lọ fọwọ́ kàn án níwájú orí, n óò jáde, n óò tún wọlé. Màmá ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọma kì í ṣe iyán tí à ń fọwọ́ tẹ̀ wò." Ọma, ọmọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni mo bá lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń rọra gbé ike omi Tọ́pẹ́ wò sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, láti mọ ibi tó mu ún dé. Wọ́n rí mi. Wọ́n ní, "Kí lò ń wò? Eèrà ni mò ń wò nínú ẹ̀."

Ohun tí ìwé ètò ìsìnkú kò sọ ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Oṣù kẹsàn-án ni. Mo wà ní Ìkàrẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò mi tó bímọ, mò ń bá a wẹ ọmọ. Èyí ni Bàbá Bísí rí tí wọ́n fi wá bá ọkọ mi, tí apá rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì, wọ́n ní ọdún yìí ń bá ilé wa jà, páànù lọ, iná lọ, apá yẹ̀, ohun tó kù kò dára láti fi ẹnu sọ. Wọ́n ní kí gbogbo ilé gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, àfi lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, àtọmọdé àtàgbà. Wọ́n kó ẹgbẹ́ àdúrà wọn wá sínú pálọ̀ mi.

Mo pe ọkọ mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láti kí i. Mo ní, "Tọ́pẹ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Ó wà."

"Ṣé ó ti mu omi?"

Mo gbọ́ orin lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá Bísí ní kó lo ìgbàgbọ́. Wọ́n bá a gbé ike omi ẹ̀ pamọ́, kó má baà máa wò ó. Ọ̀la náà ló máa parí."

Mi ò lè kọ ohun tí mo sọ fún un síbí. Mo gbé ọmọ tuntun fún ìyá rẹ̀, mo wọ mọ́tò. Gbogbo òkè tó wà láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ ni mo bá jà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo dé ẹnu géètì wa, mo sì gbọ́ odó. Mo kọ́kọ́ rò pé ilé ẹlòmíràn ni, nítorí orin ààwẹ̀ ń jáde láti ojú fèrèsé tiwa. Mo wọlé. Màmá, tí wọn kò gún iyán láti ìgbà tí ìbàdí ti ń dùn wọ́n, dúró sí àárín àgbàlá, ní iwájú fèrèsé pálọ̀ gan-an, wọ́n fi ọwọ́ kan di ògiri mú, wọ́n fi èkejì gbé ọmọ odó. Tọ́pẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, ó ń mu omi bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ètè rẹ̀ ti fọ́.

Màmá kò wo ojú mi. "O ti dé? Bu òmíràn fún un. Mi ò lè dúró, iyán á ní kókó."

Tọ́pẹ́ ní, "Màmi, ẹsẹ̀ ti ń ro mí láti àárọ̀."

Ìgbà náà ni Bàbá Bísí jáde nínú aṣọ funfun wọn. "Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe yìí? À ń gbààwẹ̀!"

"Mo rí yín," ni Màmá wí. "Èmi ń gúnyán."

"Ariwo odó ń da àdúrà rú!"

"Ẹ gbóhùn sókè."

"Màmá, gbogbo ohun tó ń mí nínú ilé yìí ló wà nínú ààwẹ̀ yìí."

"Ewúrẹ́ ilé kejì wà lẹ́yìnkùlé wa, ó ń mí. Lọ gba koríko lẹ́nu ẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Ohùn obìnrin ni. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé Màmá Bísí ni, ìyàwó Bàbá Bísí, ẹni jẹ́jẹ́ tí mi ò gbọ́ kó ta ko ọkọ rẹ̀ rí.

Bàbá Bísí fẹ́ gba ife lọ́wọ́ ọmọ mi. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lo ìgbàgbọ́." Màmá fi ọmọ odó sílẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ kò le mọ́, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí.

"Sámúẹ́lì. Ìwọ lo pọn Ṣadé lọ sí ilé àdúrà, nítorí ìwọ lo dàgbà. Nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀ omi, ìwọ lo jókòó tì í. Ohun tí wọ́n sọ fún un náà nìyẹn, pé kó lo ìgbàgbọ́. Ètè ọma mi gbẹ bí èèpo ọsàn. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́, Sámúẹ́lì, mo sì sin ín."

Ṣadé ni ọmọ kẹta tí Màmá bí, àbúrò Sámúẹ́lì, ìyẹn Bàbá Bísí. Eegun máa ń ro ó bíi ti Tọ́pẹ́. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé wa. Àbíkú ni wọ́n ń pè é. Bàbá Bísí fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn kúrò níbi ife.

Màmá ní, "Gbọ́, kó o sì lọ sọ fún àwọn tó wà nínú ulé. Ọlọ́run ò bẹ̀ mí rí pé kí n bá òun pa ọma."

Wọ́n da iyán náà sínú abọ́ ńlá, wọ́n gbé e wọ pálọ̀, wọ́n gbé e ka orí tábìlì láàárín àwọn aláàwẹ̀, wọ́n ní kí a gbé ọbẹ̀ wá. "Ẹni tí ebi bá ń pa, kó fọwọ́. Ẹni tí kò bá pa, kó máa lọ sílé ẹ̀." Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fọwọ́. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó fọwọ́. Èmi kò dúró jẹun. Mo gbé Tọ́pẹ́ lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára. Dókítà béèrè bó ṣe jẹ́ tí omi fi gbẹ lára ọmọ yìí tó báyìí. Mo wo ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, mo ní kó dáhùn.

Nígbà tí a gbé Tọ́pẹ́ padà délé, tí Sátidé tún dé, Màmá dìde láti dúpẹ́. Wọ́n ní, "Mo dúpẹ́ pé apá mi ṣì lè gbé ọmọ odó. Ohun tó dùn mí ni pé ó di dandan kí n gbé e."

Bàbá Bísí kò tẹsẹ̀ sí ilé wa mọ́ títí ìyá wọn fi kú.

Oṣù Kejìlá ni Màmá kú, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ ọ́ kiri báyìí pé Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n súre fún gbogbo ìdílé, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ta ló wà níbẹ̀? Èmi ni mo wà níbẹ̀. Màmá ń bó ẹ̀gúsí. Ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ayọ̀ wọlé láti ìta, atẹ́gùn ọyẹ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ kẹ́yìn láyé ni: "Ti ilẹ̀kùn yẹn, àbí ẹran ló bí ẹ?" Ó tó mi. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni bá mi fi ìre sí i.

Mo lè gbé irọ́ ìwé náà mì. Èèyàn máa ń purọ́ níbi òkú, ó ti di àṣà. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni ìpàdé ìdílé lẹ́yìn ìdúpẹ́ ìsìnkú. Bàbá Bísí dìde, wọ́n ní láti ṣe ìrántí ìyá ààwẹ̀, kí gbogbo ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ Màmá máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọọdún, láìjẹ láìmu, "bí Màmá ṣe kọ́ wa." Ti ọdún yìí, wọ́n ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ṣe àmín.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ dákun, sà. Màmá kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Bàbá Bísí ní, "Ìwọ, ìwà ìyá mi lo fẹ́ kọ́ mi?"

"Rárá, sà. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ìdí tínú fi ń bí mi nìyẹn."

"A kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa."

"Ìwé tí ẹ tẹ̀ ló sọ ọ́ láìdáa, sà."

Àwọn àgbà ní kí n jókòó. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú, kí n lọ mu omi. Mo ní ẹ ṣeun, ìyẹn gan-an ni mò ń sọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò sì sẹ́ni tó dìde tì mí, àfi ọkọ mi, tó dìde, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí èmi fi jókòó.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí, kí ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Màmá kà á kó tó di Mọ́ńdè. Kí ẹni tí ara rẹ̀ bá le gbààwẹ̀, mi ò bá ààwẹ̀ jà. Màmá náà ń gbà á nígbà Lẹ́ńtì, wọn kì í sì í jẹ́ kí aládùúgbò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi orúkọ obìnrin yẹn gba ife lẹ́nu ọmọdé. Ọmọ mélòó nínú ìdílé yìí ni wọn ò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò?

Mo ti rò pé ibí ni n óò dúró sí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán àná, Màmá Bísí pè mí lórí fóònù. Wọn kì í pè mí. Mo múra sílẹ̀ fún ìbáwí.

"Ìyá Tọ́pẹ́."

"Mà."

"Aago mélòó lẹ máa ń jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ iléèwé?"

"Kí aago méje tó lù, mà."

Mo ń gbọ́ ìjà àwọn ọmọ Bísí, àwọn ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n ń tọ́, lẹ́yìn wọn. "Àwọn ọmọ yìí á kọjá lọ́dọ̀ yín láàárọ̀ Mọ́ńdè," ni wọ́n wí. "Èyí kékeré kì í jẹ ata."

"Mi ò ní fi ata sí tiẹ̀, mà."

"Ó dáa." Mo rò pé wọ́n ti fẹ́ gé fóònù. Wọ́n wá rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Se é kó tó èmi náà."